Ẹni Tó Kẹ́yìn Sọ̀kalẹ̀

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé
ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Saskatchewan, níbi tí ojú ọ̀run ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ.
Mo mọ ọmọ tó máa ń bì, mo mọ èyí tó máa ń jà,
mo mọ èyí tí yóò gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí ìjókòó.
Maren Tollefsrud ló máa ń kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀.
Ogójì ìṣẹ́jú, èmi àti òun nìkan,
àti ẹ̀rọ ìmóoru tó ń wúkọ́ bí arúgbó.

Ọmọ ọdún méje ni. Ó lè ka màlúù:
ka dúdú, ka pupa, ka èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn òkìtì koríko,
kò ní fo ẹyọ kan.
Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó ka ìwé,
kíkà kan náà, ẹnu kan náà,
ahọ́n rẹ̀ a dì bí omi inú garawa lóṣù kìíní ọdún.
Ó rí orí ọ̀rọ̀, ó fi àbá ṣe ìrù rẹ̀.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a rẹ́rìn-ín.
Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín,
èyí ló dùn mí jù.

Tíṣà wọn, Ìyáàfin Ledoux, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Orest, ẹ má kọ́ ọ. Ẹ sáà jẹ́ kó máa kà."
Mo ní ìwé wo? Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi,
ìyẹn kò sì dùn ún kà.
Ó na ìka sí fèrèsé.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ọ̀nà.
"Dúró", lára pátákó pupa. Ìyẹn rọrùn,
ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ kà á fún un.
Àpótí lẹ́tà, àká ọkà, ara katakata tó ti dípẹtà,
pátákó ẹni tó ń ta ẹyin,
pátákó ẹni tó ń wá ajá rẹ̀ láti èṣí.
Bí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun, mi ò ní bá a fà á yọ;
mo kàn ń tẹ bíréékì díẹ̀
kí pátákó náà má tètè kọjá.
Mo sọ fún un pé b a máa yọ ikùn síwájú,
d a máa yọ ìdí sẹ́yìn.
Ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un.
Láti ọjọ́ náà kò ṣì wọ́n mú mọ́. Irọ́ ni.
Ó ń ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ó ń padà wò wọ́n.

Lóṣù kejìlá, yìnyín bo gbogbo àkọlé.
Ojú ọ̀nà di ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí.
Ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì tí èémí rẹ̀ ti bò,
lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kọjú sẹ́yìn.
Mi ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, yìnyín yọ́.
A dé ìkóríta oko Dubyk, ọ̀rẹ́ mi,
ẹni tí a jọ kórè fún ọgbọ̀n ọdún,
tó ti wà nílé ìtọ́jú arúgbó báyìí.
Mo ní, bí mo ti máa ń wí, "Dubyk nìyẹn."
Maren dákẹ́. Ó tẹ imú mọ́ gíláàsì.
"Da," ó ní. Ó mí. "Li."
Mo tẹ bíréékì.
"Say. Dalisay.
Ọ̀gbẹ́ni Orest, Dubyk kọ́ ló wà níbẹ̀."

Mo wò ó. Pátákó tuntun, ọ̀dà búlúù,
bàtà òjò ọmọdé mẹ́ta lẹ́bàá géètì.
Lóòótọ́, Dubyk kọ́.
Èmi tí mo mọ̀wé, orí ọ̀rọ̀ ni mo rí,
mo fi ìrántí ṣe ìrù rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ń kùn lábẹ́ wa.
Màlúù mẹ́rin ń wò wá láti ẹ̀yìn wáyà.
"Tún un kà fún mi," mo ní,
"jẹ́jẹ́ ni o. Ojú mi kò tètè ń ríran mọ́."
Ó sún mọ́ iwájú, ó na ìka,
ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí.